Ìdajì Ni JAMB, Ẹ Yé Pè É Ní Odindi

Èsì ìdánwò JAMB kì í jáde tán kí ògiri àwọn ilé ẹ̀kọ́ àfikún, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní tùtóríà, tó kún fún fọ́tò. Ọmọ tó gba 338 á wà lókè, èyí tó gba 321 á tẹ̀ lé e, wọ́n á sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sábẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe dókítà kó tètè wá forúkọ sílẹ̀. Mélòó nínú àwọn ọmọ inú fọ́tò yẹn ló padà rí ibi kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn? Wọn kì í kọ ìyẹn. Ẹni tó ń ta JAMB kò níṣẹ́ kankan lẹ́yìn JAMB.

Òbí tó bá wo ògiri náà á gbà pé bí ọmọ òun bá ti lè gba 300, ó ti bùṣe. Kò tíì bùṣe. Ìdajì ni JAMB. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, 8 ni wọ́n fi ń pín máàkì JAMB tó jẹ́ 400, kó lè di 50. Inú Post-UTME tí yunifásítì ń ṣe fúnra rẹ̀ ni 50 yòókù ti ń wá. Ní Yunifásítì Èkó, JAMB ní 50, Post-UTME ní 30, èsì WAEC tàbí NECO ní 20. Ìṣirò ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, àmọ́ ó jọ pé ó ti le jù fún àwọn àgbàlagbà tó ń sanwó tùtóríà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bá wọn ṣe é. Ọmọ kan gba 320, èkejì gba 280. Nílé ti àkọ́kọ́, wọ́n ti ń pa adìẹ. Ìyá èkejì ti ń gbààwẹ̀. Tí wọ́n bá fi 8 pín in, ti àkọ́kọ́ di 40, ti èkejì di 35. Máàkì 5 péré ni gbogbo ariwo yẹn. Ní Ìbàdàn, bí ọmọ tó gba 280 bá fi máàkì 5 ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ nínú 50 ti Post-UTME, wọ́n ti dọ́gba. Ní Èkó, ó lè jẹ́ pé WAEC ti bá wọn parí ẹ̀ kí wọ́n tó dé iwájú kọ̀ǹpútà Post-UTME rárá: A1 jẹ́ 4, C6 jẹ́ 2, iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n sì ń kà. Ọmọ tó ní A1 márààrún ti ní 20 lápò. Èyí tó ní C6 márààrún, tí gbogbo àdúgbò ti kí kú oríire pé kò pàdánù ìkankan, 10 ló ní. Máàkì 10 tó fi sílẹ̀ yẹn, 80 ni lójú JAMB. C6 kan ṣoṣo nínú Físíìsì ti gbé máàkì 16 JAMB lọ láìpariwo. Tùtóríà wo ló fẹ́ bá a wá 80 láàárín oṣù mẹ́ta?

Ìdajì ni JAMB. Ọ̀nà tí wọ́n tún ń gbà múra fún ìdajì ọ̀hún gan-an kò ṣeé fẹnu sọ. Wọ́n á kó ìbéèrè ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, lé ọmọ lọ́wọ́ pé kó há a sórí. Ìbéèrè 180 ló wà nínú ìdánwò náà, 60 fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 40 fún Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì, wákàtí 2 sì ni gbogbo rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó há ìdáhùn sórí á rí ìbéèrè tó jọ èyí tó mọ̀, á yára tẹ ìdáhùn àtijọ́, kò ní mọ̀ pé wọ́n ti yí nọ́ńbà inú rẹ̀ padà. Sílábọ́ọ̀sì tí JAMB gbé síta, tó to gbogbo ohun tí wọ́n lè béèrè lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀pọ̀ wọn kò ṣí i rí. Ọ̀fẹ́ ni, bóyá ìyẹn ni kò jẹ́ kó níyì.

Èyí tó tún wá pani lẹ́rìn-ín ni ti àìsùn. Wọ́n ní kí ọmọ ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù lóru kí oorun má bàa gbé e lọ. Nínú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí èèyàn kà jọ. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti sọ ọ́ títí ó ti sú wọn. Ẹni tó fẹ́ lọ kọ́ bí ara èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ nípa fífi ìyà jẹ ara tirẹ̀.

Àwọn kan á ní kọ́tọ́ọ̀fù, ìyẹn máàkì tó kéré jù tí wọ́n ń gbà, kò ju 200 lọ, ọmọ àwọn sì gba 245. Àṣẹ láti wá ṣe Post-UTME ni 200 ní Ìbàdàn àti Èkó. Kò sọ ẹnikẹ́ni di akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. JAMB alára fi kọ́tọ́ọ̀fù sí 140 fún yunifásítì ní 2024, ó gbé e sí 150 ní 2025; ṣé ẹni tó gba 150 náà á lọ ra ẹ̀wù funfun ni? Iye ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan lè gbà, MDCN, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ dókítà, ló ń fọwọ́ sí i, ó sì ń fìyà jẹ ilé ẹ̀kọ́ tó bá kọjá rẹ̀. Bí àga bá kún, ó kún.

Àwọn mìíràn á ní JAMB fúnra rẹ̀ kò ṣeé gbára lé, ṣebí gbogbo ayé rí bí àṣìṣe ṣe ba èsì ìdánwò jẹ́ ní 2025. Òótọ́ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, tó jẹ́ ọ̀gá JAMB nígbà náà, sunkún níwájú àwọn oníròyìn, wọ́n sì ní kí ọmọ 379,997 padà wá tún ìdánwò ṣe. Ẹ̀bi JAMB ni. Ẹni tí JAMB bá ṣẹ̀ ni ìdajì kejì sì wúlò fún jù.

Ìdajì kejì yẹn, iléèwé girama ló yẹ kó ti wá, ibẹ̀ gan-an ló sì bàjẹ́ sí. Lọ́dọọdún ni iléèwé aládàáni ń gba owó práktíkà. Kí ni wọ́n ń fi ṣe? Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìwádìí láti SS1 títí WAEC á fi ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà yẹn ni ogún ọmọ á tó rọ̀gbà yí búrẹ́ẹ̀tì kan ká bí ẹni ń wo onídán. Tíṣà nìkan ló máa fọwọ́ kàn án. Àwọn yòókù á kọ nọ́ńbà tó bá pè sínú ìwé. Àwọn kan nínú ti ìjọba kì í gba irú owó yẹn, bóyá nítorí pé kò sí yàrá tí wọ́n á tì pa. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n á wá gbé ọmọ lọ sí ibùdó ìdánwò tí ìdáhùn ti ń wá sójú pátákó, kó lè gba A1. Ó gbà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n A1 tí wọ́n rà kì í bá ọmọ wọ yàrá Post-UTME. Tórí máàkì tí kò bá orí ọmọ mu ni wọ́n ṣe dá ìdánwò ọ̀hún sílẹ̀ ní 2005. Òbí tó lówó A1 ì bá kúkú bá wọn dúnàádúrà òkú tí ọmọ máa gé ní yàrá anátómì pẹ̀lú.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá wá yí dànù, ọgbọ́n tó kù nílẹ̀ ni pé kí ọmọ gba Anátómì tàbí Fisiọ́lọ́jì, yóò rá pálá bọ́ sí ìṣègùn lọ́dún kejì. Ẹni tó ń gbà á nímọ̀ràn kì í sọ ẹni tó máa dìde fún un. MDCN kì í fi àga kún àga nítorí ẹni tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, àwọn tó sì ní A1 tiwọn láti SS3 ti jókòó.