Ìbò Mẹ́ta Lẹ Ní, Ẹ Wo Àwọn Tó Ń Tọrọ Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ ìdìbò káńsù ni mo bá wá. Tí a bá ti dárúkọ ìdìbò, Àbújá àti Ìkẹjà lọkàn ọ̀pọ̀ wa ń lọ. A lè jókòó ní Peckham ká máa jiyàn lórí ẹni tí yóò ṣe gómìnà Ọ̀ṣun títí ilẹ̀ á fi ṣú, ká má sì mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ kan ṣoṣo ní wọ́ọ̀dù tí à ń gbé. Bẹ́ẹ̀, káńsù yìí ló ń kó ìdọ̀tí wa, òun ló ń pín ilé, òun ló ń fún oníṣòwò láṣẹ láti pàtẹ lójú títì. Gómìnà Ọ̀ṣun ò lè bá yín tún páìpù tó ń jò nínú fúláàtì yín ṣe.

Àwọn kan á ní, "Èmi kì í ṣe ọmọ ìlú yìí, físà ni mo fi ń gbé." Kò burú. Nàìjíríà wà nínú Kọ́mọ́núwẹ́ẹ̀tì. Ní England, ọmọ Kọ́mọ́núwẹ́ẹ̀tì tó bá ti pé ọmọ ọdún 18, tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ sì pé, lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò káńsù, ìbáà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kó ṣáà ti forúkọ sílẹ̀, ó pẹ́ jù, ọjọ́ iṣẹ́ 12 ṣáájú ìdìbò.

Ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni Lọ́ńdọ̀nù ń yan káńsẹ́lọ̀: 2018, 2022, 2026. Ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù, mẹ́ta ni wọ́n ń yàn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ìbò mẹ́ta ni olúkúlùkù ní. Ẹni tó bá sààmì sí orúkọ kan ṣoṣo, tó sì ká ìwé rẹ̀, ó ti fi méjì tọrẹ. Kò sì pọn dandan kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣèlú kan.

Ta wá la ó fi fún? Kí a tó ra léèsì ní Rye Lane, ìsọ̀ mélòó la máa ń wọ̀? Ẹ lọ sí whocanivotefor.co.uk lórí fóònù yín, kí ẹ tẹ postcode yín sí i. Gbogbo olùdíje wọ́ọ̀dù yín á jáde. Democracy Club ló ni ín, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú. Tí káńsù bá ti gbé orúkọ àwọn olùdíje jáde, àwọn ará ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń dà á kọ síbẹ̀, tí wọ́n sì ń wá ímeèlì àti ọ̀rọ̀ olùdíje kún un.

Ẹ ó rí i pé orúkọ lásán làwọn mìíràn ní níbẹ̀. Ẹ má tìtorí ẹ̀ pè wọ́n lọ́lẹ, ó lè jẹ́ pé kò tíì sẹ́ni tó bá wọn kọ ọ́. Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Kan náà ni mo wí o! Tí ẹ bá bi ẹnì kan léèrè lífíìtì, tí ẹ bi ẹlòmíì léèrè ilé ìwé, kò sí bí ẹ ṣe lè fi wọ́n wéra. Ẹ béèrè pé: "Ìgbà wo lẹ máa tún lífíìtì ilé wa ṣe, owó wo lẹ ó fi ṣe é?" Ẹni tó bá dáhùn, ẹ kà á. Ẹni tí kò dáhùn náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó ti wà lórí àga tẹ́lẹ̀ kò ní ibi sá sí. Òfin ọdún 2011 ní kí káńsẹ́lọ̀ kọ ilé, iṣẹ́ àti okòwò rẹ̀ sílẹ̀, kí káńsù sì gbé e síta. Ọ̀pọ̀ káńsù ń kọ ìpàdé tó wá àti èyí tó pa jẹ sórí ìkànnì wọn pẹ̀lú.

Ìwé ìpolongo tí wọ́n ń tì sábẹ́ ilẹ̀kùn yín ńkọ́? Ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ gbé e sí electionleaflets.org, kí ará òpópónà kejì lè rí i bóyá ohun tí wọ́n sọ fún yín ni wọ́n sọ fún òun.

Mo bọ̀wọ̀ fún pásítọ̀ àti àlùfáà wa, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó jẹ́ ẹgbẹ́ aláàánú lábẹ́ òfin kò láṣẹ láti ní kí ẹ dìbò fún ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Orúkọ Yorùbá lórí ìwé ìdìbò náà dùn ún rí, kò sì tó. Ẹ bi ẹni tó ń jẹ́ ẹ léèrè lífíìtì.

Láti 2023, ìwé tó ní fọ́tò ti di dandan fún ẹni tó bá fẹ́ dìbò ní ibùdó ìdìbò. Wọ́n gba pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, kódà bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, bí ojú inú fọ́tò bá ṣì jọ tiyín. Wọ́n gba Oyster àwọn àgbà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, wọn ò gba ti akẹ́kọ̀ọ́ (ẹni tó ṣòfin yẹn ló mọ ìdí ẹ̀). Aago méje àárọ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń tì í. Bí aago mẹ́wàá bá lù bá yín lórí ìlà, ẹ má kúrò níbẹ̀, òfin ní kí wọ́n fún yín níwèé kí ẹ dìbò.