Ìwọ́ Ọmọ Kì í Ṣe Ìkòkò Ọbẹ̀

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà láti Òṣogbo dé Iléṣà, ojoojúmọ́ là ń gbọ́ "ẹ bá wa yọ̀" nínú ẹgbẹ́. Ọlọ́run ò ní fi ẹkún parí ayọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ, bí kò tilẹ̀ ní dùn mọ́ gbogbo wa nínú. Àwa àgbà ni ọ̀rọ̀ náà bá wí, kì í ṣe àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ ìwọ́ ọmọ ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bí ìyàwó ilé bá bímọ, ta ló ń wẹ ọmọ? Àwa ni. Ta ló ń tọ́jú ìwọ́? Àwa náà ni. Nọ́ọ̀sì á ti sọ tiẹ̀, ìyá ọmọ á sì ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bó bá délé, tó bá ìyá ọkọ lórí àpótí, tí omi gbígbóná ti wà nílẹ̀, kí ló fẹ́ wí? Á dákẹ́ ni. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí ìwọ́ ọmọ mọ́, àwa ìyá àgbà ni kó wá bá sọ̀rọ̀.

Kí là ń fi sí ìwọ́? Ẹnìkan á ní pẹ́ẹ̀sì tí a fi ń fọ eyín ló dáa. Ẹnìkan á ní róòbù. Òmíràn á mú epo tàbí àdín wá, òmíràn páúdà, òmíràn ewé gígún àti eérú. Àwọn mìíràn á yá aṣọ lára àtùpà, wọ́n á fi jó o. Gbogbo wa là ń sọ pé kó lè tètè já ni. Àfi bí ẹni pé ìkòkò ọbẹ̀ ni, tí ẹni tó bá ti kọjá á fi iyọ̀ tiẹ̀ sí i.

Àwa akọ̀wé yín tí à ń kọ ìwé yìí náà jẹ̀bi. Nígbà ìjọba ológun, ọmọ wa obìnrin bímọ ní ìtòsí Iléṣà. Ọkùnrin ni, ó sì ń mu ọmú dáadáa. Àwa la lọ ewé mọ́ eérú tí a fi sí ìwọ́ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, bí ìyá tiwa ṣe ń ṣe. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ọmọ ò lè mu ọmú mọ́. Ẹnu rẹ̀ dì. Bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, tàbí tí ilẹ̀kùn bá dún, ara rẹ̀ á le gbagidi bí igi. A ní gìrì ni, a bá tún ń wá nǹkan gìrì kiri. Nígbà tí a fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. A ti ra oyin àti ataare sílẹ̀ fún ìkómọ ọjọ́ kẹjọ. Oyin yẹn wà nínú ìgò títí, a ò lè lá a, a ò lè tà á. Dókítà ní tẹ́tánọ́ọ̀sì ni, pé ojú ìwọ́ ló gbà wọlé. Ẹnikẹ́ni ò bá wa wí. Àwa fúnra wa la mọ ọwọ́ tó bu eérú.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé inú ilẹ̀, inú eruku àti ìgbẹ́ ẹran. Ojú lásán kò lè rí i, omi híhó pàápàá lè má pa á. Bí a bá bu ohun ilẹ̀ sójú ìwọ́, a lè bu ú mọ́ ọn. Kì í ṣe òun nìkan. Àwọn kòkòrò mìíràn wà lọ́wọ́ wa, nínú epo, nínú aṣọ tí kò mọ́, tó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ojú ìwọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ ara ọmọ ní gbogbo ìgbà tó wà nínú oyún. Bí a bá gé e, ilẹ̀kùn yẹn kì í tì pa lọ́jọ́ náà.

Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lókè òkun máa ń sọ fún wa pé bí ọmọdé bá ní jẹjẹrẹ tàbí àìsàn kíndìnrín, dókítà lè ki rọ́bà tín-ín-rín bọ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá láyà rẹ̀, kó máa gba ibẹ̀ gba oògùn, ọmọ á sì gbé rọ́bà náà lọ sílé. Ìyá ni wọ́n á kọ́ ní ìtọ́jú rẹ̀: fọ ọwọ́ rẹ kí o tó kàn án, kí ojú rẹ̀ mọ́, kí omi má dé bẹ̀, bí ibà bá sì dé, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fi róòbù sí i. Ìwọ́ ọmọ tuntun náà, ọ̀nà inú ẹ̀jẹ̀ ni. Kí ló dé tí a fi ń fi eérú sí tiwa?

Kì í ṣe àwa nìkan ló ṣe é rí. Erékùsù kékeré kan wà ní ilẹ̀ Scotland tí wọ́n ń pè ní St Kilda. Láyé ọjọ́un, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ ló ń kú ní bíi ọ̀sẹ̀ kan, débi pé àìsàn ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n ń pè é. Tẹ́tánọ́ọ̀sì yìí kan náà ni. Àlùfáà wọn kan, Angus Fiddes, lọ kọ́ ìgbẹ̀bí tó mọ́ ní Glasgow, ó sì mú un padà wá bá wọn. Kí ọdún 1900 tó pé, ikú ọmọ yẹn ti dáwọ́ dúró. Òyìnbó náà ti sunkún ọjọ́ kẹjọ rí o. Ìmọ́tótó ló nù wọ́n lójú.

Àwa Ìjẹ̀ṣà gan-an ò tún gbọdọ̀ sọ pé a ò mọ̀. Ní 1956 ni Dókítà David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Òun àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló dá ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Káàdì tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí, ọwọ́ ìyá ni wọ́n ń fi sí, kó gbé e lọ sílé. Káàdì yẹn ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láyé. Dókítà náà kú ní 2009. Ohun tó gbàgbọ́ ni pé inú ilé, lọ́wọ́ ìyá, ni ìlera ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ wa ni irú ẹ̀kọ́ yẹn ti jáde, ìtìjú ni kí ọmọ ṣì máa kú sí wa lọ́wọ́ nítorí ìwọ́.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. "Ṣé kì í ṣe eérú ni wọ́n fi sí tiwa náà, tí a sì ń bẹ láyé?" Ẹni tó ti ogun bọ̀ ló ń ròyìn ogun. Ẹni tó kú síbẹ̀ ò lẹ́nu. Nínú ìwádìí tí ìjọba ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní 2018, nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, 39 ló kú kí wọ́n tó pé ọjọ́ 28. Ìwọ́ kọ́ ló pa gbogbo wọn, ṣùgbọ́n tiẹ̀ wà níbẹ̀, tiẹ̀ sì wà lára èyí tí ọwọ́ wa ká.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta róòbù àti àdín, ẹ má bínú sí wa. A ò ní kẹ́ ẹ kógbá ọjà yín wọlé. Orí fífọ́ àti ara ríro ti àgbà wà fún róòbù. Ojú ìwọ́ ni kò sí fún un.

Kí wá ni ká ṣe? Kí aboyún gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Tó bá jẹ́ oyún àkọ́kọ́, tí kò sì gbà á rí, ó kéré tán méjì, kí ọ̀sẹ̀ 4 wà láàárín wọn. Ààbò rẹ̀ ń dé ara ọmọ nínú oyún. Bíléèdì tuntun ni kí wọ́n fi gé ìwọ́. Ká fọ ọwọ́ wa pẹ̀lú ọṣẹ ká tó kàn án. Ká ká nápì sí ìsàlẹ̀ ìwọ́, kí ìtọ̀ má bàa rin ín. Aṣọ rírin ni ká fi máa nu ara ọmọ títí ìwọ́ á fi já. Ká má fà á. Yóò já fúnra rẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní chlorhexidine, jẹ́ẹ̀lì ni. Wọ́n dán irú oògùn yìí wò ní ilẹ̀ Nepal, ìwé àwọn dókítà gbé e jáde ní 2006 pé ikú ọmọ tuntun fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù. Ní 2016 ìjọba àpapọ̀ wa gbé ètò kalẹ̀ kó lè dé gbogbo ìpínlẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé ní 2022 sọ pé kí ìwọ́ ṣáà mọ́, kó sì gbẹ, ti tó. Pé ibi tí wọ́n ti ń fi nǹkan burúkú sí ìwọ́ ni kí wọ́n ti máa fi jẹ́ẹ̀lì yìí pa á lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ ò rí i pé àwa gan-an ni wọ́n ń bá wí! Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: kò gbọdọ̀ kan ojú ọmọ. Àwọn kan ti ṣèèṣì fi í sójú ọmọ, ó sì ba ojú jẹ́. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn ojú.

Bí ara bá pọ́n yí ìwọ́ ká, bó bá ń ṣọyún, bó bá ń rùn, bí ara ọmọ bá gbóná tàbí tó tutù jù, bí kò bá mu ọmú mọ́, tí ara rẹ̀ sì ń le, ẹ má wá nǹkan gìrì kiri. Ilé ìwòsàn ni, lóru tàbí lọ́sàn-án.

Èrò tiwa tí a fẹ́ gbé wá sí ìpàdé nìyí. Nínú ẹ̀bùn tí ẹgbẹ́ ń fún ọmọ ẹgbẹ́ tí ilé rẹ̀ bá bímọ, kí ọṣẹ, táwẹ́ẹ̀lì tuntun àti jẹ́ẹ̀lì yẹn wà níbẹ̀, kó sì dé ọ̀dọ̀ aboyún ṣáájú ọjọ́ ìbí, kì í ṣe ọjọ́ ìkómọ. Kí ìyá àgbà kọ̀ọ̀kan sì sọ fún ìyàwó ilé rẹ̀ pé, "Ohun tí nọ́ọ̀sì bá wí ni ká ṣe, mi ò ní bínú." Gbólóhùn yẹn nìkan á gba ọmọ là.

Ibi tí a rì ìwọ́ ẹni mọ́ ni ilé ẹni. Kí gbogbo ọmọ tí a bá bí sọ́wọ́ wa dàgbà, kí wọ́n lè máa tọ́ka síbẹ̀. A ò ní ra oyin ìkómọ ká má lè lá a. Àṣẹ.