Gbígbẹ Ọgbẹ́ Kọ́ Ni Jíjinná Rẹ̀

Ìgbàgbọ́ tí ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ lára awọ gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, kí ó gbẹ táútáú, kí ó sì di èépá. Nítorí ìgbàgbọ́ yìí ni aláìsàn fi ń tú báńdéèjì dànù ní kété tí ó bá délé, tí ẹlòmíràn ń da sípírítì sójú ọgbẹ́, tí àwọn kan sì ń tú inú kápúsù oògùn sí i. Ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà, ìpalára ni ó sì ń ṣe.

Ohun tí ó bí i kò fara sin, nítorí pé ọgbẹ́ tí omi bá rin gbingbin a máa rà. Ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí ni ó ń fa ọyún, ìyàtọ̀ ńlá sì wà láàárín ojú ọgbẹ́ tí ìpara mú kí ó rọ̀ àti èyí tí wọ́n rì bọ inú omi.

Ní ọdún 1962, George Winter, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn nínú ìwé ìròyìn Nature pé ọgbẹ́ ara ẹlẹ́dẹ̀ tí òun fi ọ̀rá ike bò tètè ní awọ tuntun ní nǹkan bí ìlọ́po 2 ju èyí tí òun ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣe ènìyàn, àwọn olùwádìí mìíràn rí irú rẹ̀ lára ènìyàn ní ọdún 1963. Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ wẹ́wẹ́ tí ó para pọ̀ di ara, ni ó ń rìn láti etí ọgbẹ́ wá pa ojú rẹ̀ dé. Wọ́n ń rìn geere lórí ojú tí ó rọ̀, ṣùgbọ́n bí èépá bá ti le, àfi kí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà gba abẹ́ rẹ̀. Ìdènà ni èépá tí àwọn ènìyàn ń yọ̀ mọ́. Sípírítì ní tirẹ̀ a máa pa sẹ́ẹ̀lì tuntun pọ̀ mọ́ kòkòrò tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dà á.

Nítorí náà, bí dókítà kò bá sọ ohun mìíràn, kí báńdéèjì àkọ́kọ́ wà níbẹ̀ fún wákàtí 24 sí 48. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa fi omi mímọ́ àti ọṣẹ tí kò le fọ ọgbẹ́ náà lójoojúmọ́, kí wọ́n fi Vaseline fẹ́ẹ́rẹ́ pa á, kí wọ́n sì bò ó. Bí ó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 láìṣí i wò.

Àṣìṣe kejì ni èrò pé ọjọ́ tí wọ́n bá yọ òwú tí wọ́n fi rán ọgbẹ́, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 5 sí 7 fún ojú àti ọjọ́ 10 sí 14 fún ẹsẹ̀, ni ó ti jinná. Ní ọ̀sẹ̀ 2, agbára awọ náà kò ju nǹkan bí ìdá 1 nínú 10 ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì ní ju nǹkan bí ìdá 8 nínú 10 lọ kódà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Òtítọ́ ni àwọn àgbà sọ pé ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Ẹni tí ó bá sáré padà sídìí ẹrù rírù tàbí oko ríro lè já ojú ọgbẹ́, tàbí kí ó sọ àpá tẹ́ẹ́rẹ́ di fífẹ̀.

Ọgbẹ́ tí ó ń gbóná, tí ó ń wú, tí ìrora rẹ̀ ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, tàbí tí ó ń sun ọyún, kò fẹ́ atẹ́gùn, kò sì fẹ́ kápúsù; ọ̀dọ̀ dókítà tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ náà ni kí wọ́n gbé e padà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.