Ta Ni Yóò Jókòó Ti Amọ̀kòkò?

Àwọn baba wa a máa wí pé àpáàdì ni ó tó ko iná lójú. Òótọ́ ni wọ́n wí. Ṣùgbọ́n kí àpáàdì tó di àpáàdì, ìkòkò ni; kí ó sì tó di ìkòkò, amọ̀ ni ní ọwọ́ ìyá kan tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, ẹ̀yin ọlọ́lá àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Àkókó.

Àwa tí a ń gbé Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà mọ Èrúṣù ní ìlú amọ̀kòkò. Ẹni tí ó bá rò pé iṣẹ́ òpè ni, kí ó lọ wò ó. Amọ̀kòkò ní láti mọ amọ̀ tí yóò gba iná yàtọ̀ sí èyí tí yóò sán. Yóò rẹ ẹ́, yóò gún un, yóò ṣa òkúta inú rẹ̀. Yóò fi ọwọ́ lásán mọ ọ́n. Yóò gbé e sí ibòji kí ó gbẹ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi igi àti koríko sun ún. Nígbà tí ó bá tutù, yóò fi ìka kàn án, ohùn ìkòkò náà ni yóò sì sọ bí ó bá sán. Ojú, etí àti ọwọ́ ni a fi ń gba ẹ̀kọ́ yìí, nígbà tí ọmọ bá jókòó ti ìyá fún ọdún púpọ̀.

Nísinsìnyí ìkòkò irin àti ike ti gba ọjà, ọmọ kò sì fẹ́ jókòó ti ìyá mọ́. Kì í ṣe ìfẹ́ amọ̀ ni amọ̀kòkò ṣe aláìní. Ẹni tí yóò wo iṣẹ́ rẹ̀ bí ohun iyì ni kò rí.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ladi Kwali. Ọmọ Gbagyi ni, a bí i ní nǹkan bí ọdún 1925 ní Kwali. Kò lọ sí ilé ìwé. Lọ́dọ̀ obìnrin kan nínú ìbátan rẹ̀ ni ó ti kọ́ ìkòkò mímọ. Iṣẹ́ rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí Ẹ́míà Suleiman Barau ti Abuja àtijọ́, tí à ń pè ní Suleja nísinsìnyí, fi kó o sí ààfin. Ibẹ̀ ni Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti rí i ní ọdún 1950. Nígbà tí Cardew dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò sílẹ̀ ní ìlú náà, Ladi wọ ibẹ̀ ní ọdún 1954. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́. Ó kọ́ ọ̀nà ìléru, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀nà àwọn ìyá rẹ̀ sílẹ̀: ọwọ́ ni ó fi ń mọ ìkòkò ńlá, tí ó ń rìn yí i ká. Wọ́n wò ó ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n wò ó ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1977 Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá, ẹni tí kò kàwé sì di olùkọ́ àwọn tí ó kàwé. Ó kú ní ọdún 1984. Àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà.

Ẹ kíyè sí i pé kí Gẹ̀ẹ́sì tó rí i, ọba ti kọ́kọ́ rí i.

Àwọn kan yóò bèèrè pé, ṣé kí àwọn ọmọbìnrin wa fi ìwé sílẹ̀ padà sínú ẹrẹ̀ ni? Èmi kò wí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo wí ni pé kí ìwé má ṣe kọ́ wọn láti tẹ́ńbẹ́lú ọwọ́ ìyá wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wa, ẹ gbé àmù Èrúṣù sí ààfin yín, kí àlejò bu omi mu níbẹ̀. Omi rẹ̀ a máa tutù láìsí iná mànàmáná, nítorí àmù a máa láàgùn, atẹ́gùn a sì gbé òógùn náà lọ. Ẹ̀yin alága ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ẹ pe àwọn ìyá wọ̀nyí wá, ẹ fún wọn ní àga olùkọ́ àti owó olùkọ́. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò gbóná: iṣẹ́ yìí yóò ná wa ní owó àti àkókò. Ṣùgbọ́n bí ìyá tí ó mọ̀ ọ́n bá lọ tí kò sí ọmọ tí ó jókòó tì í, owó wo ni a ó fi ra ọwọ́ rẹ̀ padà?