Ẹ̀dà Kan Ṣoṣo Kò Tó

Ní ọdún 1897, Àlùfáà Samuel Johnson, olùṣọ́-àgùntàn ní Ọ̀yọ́ tí kò jìnnà sí Fìdítì àti Ìlọrà wa yìí, parí ìwé ìtàn Yorùbá tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ. A fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba ní 1899 fún títẹ̀, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Àlùfáà Johnson kú ní 1901. Àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ nílé ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní 1916, àwọn ará Jámánì tún gba ọkọ̀ Appam tí ó ń gbé èyí náà lọ, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ìwé náà jáde ní 1921.

Kí ni èyí kọ́ àwa tí ìwàásù wa, ìwé-ẹ̀rí àwọn ọmọ wa àti àwòrán ìgbéyàwó wa wà nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo? Iná tí ń lọ tí ń bọ̀ ń bẹ, ààrá òjò àkọ́rọ̀ ń bẹ, olè sì ń bẹ. Àwa fúnra wa ti jìn sí kòtò yìí. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wa kú, ọkàn wa balẹ̀ nítorí a ní ẹ̀dà nínú fíláàṣì. Ṣùgbọ́n fíláàṣì náà kọ̀, kò ṣí. Ìwàásù ọdún mẹ́sàn-án lọ bẹ́ẹ̀. A ṣe ẹ̀dà lóòótọ́, a kò dán an wò rí.

Nítorí náà, èrò wa ni pé kí ẹ̀dà ṣíṣe di àṣà ilé, bíi gbígbá àgbàlá, kí ó sì ní ọjọ́. Ní alẹ́ Sátidé, kí a da iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà kọ sínú háàdì dísìkì tí ó ṣeé yọ, kí a sì yọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ààrá tàbí fáírọ́ọ̀sì má baà gbá méjèèjì lọ. Kí ẹ̀dà kejì wà lẹ́yìn odi ilé: lórí Google Drive, tàbí lọ́dọ̀ ọmọ tí ó ń gbé Ìbàdàn. Bí oṣù bá parí, kí a ṣí fáìlì mélòó kan láti inú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò, ìrètí lásán ni.

Òbí lè wí pé dátà wọ́n. Òótọ́ ni, kí a gbé kìkì ohun tí a kò lè tún rí mọ́ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, àwòrán àjọ̀dún yìí wà lórí fóònù yín báyìí. Kí Sátidé tí ń bọ̀ tó kọjá, ẹ jẹ́ kí ó wà ní ibi mẹ́ta.