Ìṣapá Pupa: Kòkòrò Nínú Àpò, Oògùn Nínú Àpò

Àwọn kan bi mí léèrè bóyá òótọ́ ni pé àwọn òyìnbó ń fi ìṣapá ṣe tíì. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá wọ ilé ìtajà ní Jámánì, tó mú páálí tíì eléso kan, tó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní pẹ́ kó tó bá hibiscus pàdé. Ìṣapá pupa náà nìyẹn. Ní Sùdáánì, karkadé ni wọ́n ń pè é. Ní Mẹ́síkò, wọ́n ń mu omi rẹ̀ bí a ti ń mu ògì. Àwọn Hausa ló fún wa ní orúkọ sobo, a sì gbà á lọ́wọ́ wọn bí ẹni pé a kò ní orúkọ fún un nílé tẹ́lẹ̀.

Ìgbòho tí mo ti ń kọ̀wé yìí, ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Oòrùn pọ̀, òjò a máa dáwọ́ dúró bí ọdún bá ń parí lọ, ọyẹ́ a sì tẹ̀ lé e. Irú ilẹ̀ tí ìṣapá fẹ́ nìyí. A máa ń fi yangàn pé Aláàfin 4 ló sùn ní Igbó Ọba wa. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òkìkí àtijọ́ kì í san owó ilé-ìwé ọmọ. Síbẹ̀ náà, òdòdó tí àwọn obìnrin wa fi ń ṣe sobo tí wọ́n ń rọ sínú ike tà, láti òkè Hausa ni ó ti sábà ń wá.

Òdòdó ni à ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe òdòdó gan-an. Awọ pupa tó wé mọ́ èso ni, lẹ́yìn tí òdòdó ti rẹ̀ dànù. A ó já a, a ó yọ èso inú rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì sá a. Bíi kílò 10 tútù ló ń di kílò 1 gbígbẹ. Ẹni tó bá ti jókòó yọ ọ́ rí mọ ohun tí ìka ń rí níbẹ̀. Nítorí náà ni ó fi ń dùn mí tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́ sínú àpò.

Ẹ gbọ́ ìròyìn méjì. Ní ọdún 2015, ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà wá. Wọ́n ní dichlorvos ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ òtapíàpíà tí à ń rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọdún 1 ni wọ́n kọ́kọ́ dá, wọ́n sì tún fà á gùn. Ní ọdún 2017, Mẹ́síkò, tó ń ra ìṣapá wa lọ́pọ̀lọpọ̀, dá tirẹ̀ dúró pẹ̀lú. Wọn kò sọ̀rọ̀ oògùn rárá. Kòkòrò ni wọ́n bá nínú ẹrù.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì síra wọn. Ẹnì kan lé wa nítorí kòkòrò. Ẹnì kejì lé wa nítorí oògùn tí a fi pa kòkòrò. Ibo ni kí a wá gbà?

Ìyá kan ní àdúgbò mi kó àpò ìṣapá 4 pamọ́ sí yàrá, ó ń dúró de ìgbà tí owó rẹ̀ yóò gòkè. Oníbàárà dé láti Ìbàdàn, ó tú ẹnu àpò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì dì í padà. Kò tilẹ̀ ná an. Ni ìyá bá wá bá mi.

“Tíṣà, kí ni mo ṣe? Kòkòrò fẹ́ jẹ ẹ́ ni mo ṣe wọ́n òtapíàpíà díẹ̀ sí i. Ṣebí gbogbo ọjà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.”

Mo ní, “Ìyá, ẹ má bínú o. Ẹ̀wà, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á tún da omi rẹ̀ nù. Èyí, omi gbígbóná ni wọ́n máa dà lé e, omi náà gan-an ni wọ́n sì máa mu. Ohun tí ẹ wọ́n sí i ni wọ́n máa mu.”

Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Èmi pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ mi ti mu nínú rẹ̀.”

Gbígbẹ ni ọ̀nà tó wà láàárín kòkòrò àti oògùn. Ìṣapá tí omi kù nínú rẹ̀ yóò bu, kòkòrò yóò sì fẹ́ ẹ. Àwa ará Òkè-Ògùn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sá nǹkan; orí àpáta ni a ti ń sá gbodo tí a fi ń ṣe èlùbọ́. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ mọ ọ̀nà orí àpáta jù wá lọ, iyanrìn a sì lẹ̀ mọ́ ìṣapá tútù tí kò ní ṣí kúrò mọ́. Ẹ fi igi kan pẹpẹ tó ga dé ìbàdí, kí ẹ na àwọ̀n mọ́ ọn, kí ẹ gbé e sábẹ́ òjìji níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ gba òkè àti ìsàlẹ̀. Oòrùn gangan a máa ṣá àwọ̀ rẹ̀, àwọ̀ yẹn ni oníbàárà sì kọ́kọ́ ń wò. Bí ẹ bá fún un lọ́wọ́ tó rún wẹ́wẹ́, ó ti gbẹ. Bó bá ń tẹ̀ bí awọ bàtà, kò tíì gbẹ, iye ọjọ́ yòówù kó ti lò níta.

Ní ti ìpamọ́, àpò kan wà tí wọ́n ń pè ní PICS, tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ṣe fún ẹ̀wà. Ọ̀rá 2 ló wà nínú, àpò híhun 1 lóde. Ẹ so ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan pinpin. Kòkòrò tó bá há sínú rẹ̀ yóò lo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, yóò sì kú fúnra rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tí mo ti kọ́ rí mú páálí tíì wá fún mi kí n bá a tún èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe. Ìṣapá pẹ̀lú ewé tíì ẹ̀yìnkùlé ló pò pọ̀, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ibà, ó sì fi organic gàdàgbà sókè. Mo ní kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Òótọ́ ni pé àyẹ̀wò àwọn onímọ̀ fi hàn pé ìṣapá lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fi gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ kó tó máa mu ún lójoojúmọ́. Kí aláboyún náà béèrè. NAFDAC ló sì ni ọ̀rọ̀ ìwòsàn tí a lè kọ sára páálí.

Organic ńkọ́? Òfin ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. Amẹ́ríkà fẹ́ kí ọdún 3 kọjá láìsí kẹ́míkà tí wọ́n kọ̀ lórí ilẹ̀ náà kí a tó kórè. Yúróòpù ń béèrè ọdún 2 kí a tó gbin irú nǹkan bí ìṣapá. Olùyẹ̀wò yóò wá wo oko, yóò wo ìwé àkọsílẹ̀, a ó sì sanwó fún un. Àgbẹ̀ kan ṣoṣo kò lè dá a ṣe. Ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí tíì rooibos ti ń wá, àwọn àgbẹ̀ kéékèèké 14 dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Heiveld sílẹ̀ ní ọdún 2000, wọ́n ń gba ìwé ẹ̀rí pọ̀, wọ́n sì ń tà á pọ̀ sí òkè òkun. Nígbà tó di 2021, Yúróòpù fi òfin dáàbò bo orúkọ rooibos fún àwọn ará ibẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ ni tiwọn náà.

Ìyá àdúgbò mi ti da àpò 4 yẹn nù. Ó fẹ́ gbin òmíràn bí òjò bá dé, ó sì mú mi lọ wo ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó bá oko àgbàdo ẹnì kan pààlà, oògùn apakoríko sì ni ẹni náà ń fín lọ́dọọdún. Ìyá ní àbúrò ọkọ òun ni, òun yóò bá a sọ̀rọ̀. A ti ránṣẹ́ sí i, kò tíì fèsì.