Ìfẹ́ Kọ́ Ló Kọ Ìwé Jane Austen

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá, a ó sì sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀. Ó ti sú wa bí àwọn aṣefíìmù ṣe ń fi ìtàn ìfẹ́ bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé mọ́lẹ̀. Àpẹẹrẹ tí a mú ni Becoming Jane, fíìmù tó jáde ní ọdún 2007, nínú èyí tí Anne Hathaway ti ṣe Jane Austen, tí James McAvoy sì ṣe Tom Lefroy. Kí ẹnikẹ́ni má bi wá pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n fi ojú Jane rí, ojú àwọn òǹkọ̀wé tiwa náà lè rí i lọ́la.

Kí ni fíìmù náà sọ? Ó ní Jane àti Tom fẹ́ràn ara wọn, wọ́n jọ sá kúrò nílé láti lọ ṣègbéyàwó, Jane sì yí padà lójú ọ̀nà nígbà tó mọ̀ pé ọwọ́ Tom ni ẹbí rẹ̀ ń wò. Ìbànújẹ́ yìí ni wọ́n fi ṣe orísun ìwé rẹ̀. Ó dùn ún wò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí kankan pé àwọn méjèèjì jọ sá lọ síbì kankan rí. Ohun tó wà lákọsílẹ̀ ni pé Tom wá sí àdúgbò Steventon ní ìparí ọdún 1795, wọ́n jọ jó lóde ijó mélòó kan, Jane sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ nínú lẹ́tà tó kọ sí Cassandra, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1796. Tom bá tirẹ̀ lọ, ó gbéyàwó, ó sì di adájọ́ àgbà ní Írẹ́lándì. A kò sọ pé ìfẹ́ kò sí níbẹ̀ o. Nígbà tí Tom darúgbó, òun fúnra rẹ̀ gbà pé òun fẹ́ràn Jane, ó ní ìfẹ́ ìgbà ọmọdé ni.

Níbo wá ni irọ́ náà wà? Jane ti ń kọ ìtàn láti ìgbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 12. Kí Tom tó dé, ìwé mẹ́ta ló ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn kún. Kò dúró de ọkùnrin kó tó mú kálàmù. Ní ọdún 1797, bàbá rẹ̀ kọ̀wé sí atẹ̀wé kan ní London nípa ìwé tó padà di Pride and Prejudice. Atẹ̀wé náà kọ̀ láìka ìwé ọ̀hún rárá. Ní ọdún 1803, atẹ̀wé mìíràn san póùn 10 fún ìwé mìíràn, ó gbé e sílẹ̀, kò tẹ̀ ẹ́. Ọdún 1811 ni Sense and Sensibility tó jáde, láìsí orúkọ Jane lára rẹ̀. Pride and Prejudice jáde ní ọdún 1813, póùn 110 ni wọ́n sì fún un lórí rẹ̀. Láti ìgbà lẹ́tà bàbá rẹ̀ títí di ọjọ́ náà, ó lé ní ọdún 15. Ìfaradà yẹn gan-an ni fíìmù fò dá.

Àwọn kan yóò ní, "Ẹ̀yin náà, fíìmù lásán ni!" A gbọ́. Kò burú bí wọ́n bá hun ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, nítorí kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ tó gbọ́ gbogbo ohun tó sọ. Cassandra tilẹ̀ dáná sun ọ̀pọ̀ lẹ́tà rẹ̀, àlàfo sì wà. Ṣùgbọ́n bí eré ni wọ́n ń wá, òtítọ́ náà ní eré nínú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1802, Harris Bigg-Wither, ọmọ olówó, ní òun fẹ́ fẹ́ Jane. Ó gbà lálẹ́, ó sì kọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Dípò Harris, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Wisley, tí kò gbé ayé rí, ni wọ́n ní ó wá fẹ́ ẹ. Òótọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Ẹ wá wo ọ̀dọ̀ tiwa. D. O. Fágúnwà kú sínú omi ní ìtòsí Bídà ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Títí di òní, àwọn kan ń sọ pé àwọn iwin tó kọ̀wé nípa wọn ló wá mú un lọ. Bí ẹnìkan bá fi ìyẹn ṣe fíìmù, yóò pa owó. Ṣùgbọ́n kí ni yóò kù fún olùkọ́, ọmọ Òkè-Igbó, tó jókòó kọ ìtàn àròsọ márùn-ún ní èdè Yorùbá, láti orí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní ọdún 1938? Iwin ni yóò gba iyì iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀, bí Tom Lefroy ṣe gba ti Jane.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Ẹ̀yin aṣefíìmù, ẹ fi òǹkọ̀wé hàn wá níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, tó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́, tó ń tún un kọ. Bí ẹ bá ṣe àfikún, ẹ kọ ọ́ sí ìparí eré kí gbogbo ayé rí i. Ẹ̀yin òǹwòran náà, kí ẹ tó sọ pé ẹ mọ Jane Austen, ẹ ka ìwé kan nínú ìwé rẹ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ni kí á yìn.